Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gba ìlú mi?

Balógun Kubwa:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti gba oorun lójú mi láti Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yìí mọ̀ pé a máa ń pàdé ní Gwarinpa láti ṣe eré ogun ọjọ́ iwájú, èyí tí a ń fi máàpù àti dáìsì ṣe, tí oníkálùkù sì ń darí ọmọ ogun tí ó fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ dá. Èmi ni mo ń darí ìlú Òkè-Ìrì lórí ayé pupa tí a ń pè ní Màásì. Àbúrò ìyàwó mi ni ó ń darí àwọn Àjàgbé, tí wọ́n ti dó ti ìlú mi láti ipele kẹta. Ní ipele kẹsàn-án, onídàájọ́ eré kéde pé ìlú mi ti ṣubú, ó sì kó àmì mi kúrò lórí máàpù kí n tó la ẹnu.

Ẹ gbọ́ bí ìlú náà ti rí. Odi rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta, òkúta dúdú ni mo fi mọ ọ́n, abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ilé ibùgbé sì wà. Ẹ̀wù ogun àwọn ẹ̀ṣọ́ mi jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, àmì ẹyẹ àṣá wà láyà rẹ̀, ìbọn mànàmáná wọn sì lè dá ọkọ̀ ogun dúró láti ibi tí ojú kò tó. Onídàájọ́ yìí, tí kò tíì pé ọdún kan tí ó dara pọ̀ mọ́ wa, tí ó sì jẹ́ pé èmi gan-an ni mo fi eré náà hàn án, kò ka gbogbo èyí sí. Ó ní àwọn Àjàgbé ti ń ju òkúta láti inú ọkọ̀ wọn tí ń yí ayé náà po lókè, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ti sá wọ inú ihò, àti pé ẹnubodè ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Dùndú tí mo rà fún gbogbo wa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń dá ẹjọ́ náà. Kí n tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kubwa já dé ilé, àbúrò ìyàwó mi ti ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ìyàwó mi sì kí mi káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọba tí kò ní ìlú mọ́.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ọmọ ogun tí ń ju òkúta láti òkè lè gba ìlú tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀? Kí ni kí n sọ fún wọn ní Sátidé tó ń bọ̀?

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n. Ẹjọ́ yín ṣòro láti dá, nítorí ẹ kò tíì sọ ohun tí ó yẹ kí a mọ̀. Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ìlú? Oúnjẹ oṣù mélòó ni ó wà nínú àká? Níbo ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ti ń wá? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ni àwọn Àjàgbé ń wá ní Òkè-Ìrì? Bí wọ́n bá fẹ́ pa ìlú náà run ni, òkúta tó wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé inú rẹ̀, òkúta yóò ba ohun tí wọ́n wá gbà jẹ́.

Ìyá Rẹ̀mí, Lugbe:
Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ sọ àwọ̀ ẹ̀wù fún wa, ẹ sọ irú ẹyẹ tí ó wà láyà, ẹ tilẹ̀ sọ dùndú, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ̀rọ̀ omi rárá. Ṣé a lè dó ti ìlú kan láti ipele kẹta dé ìkẹsàn-án kí ẹnikẹ́ni má béèrè ohun tí wọ́n ń mu?

Tíṣà Kàdúná:
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn wá. Odi ìlú Òwu lágbára, àwọn jagunjagun rẹ̀ sì lókìkí, nígbà tí Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé dó tì í ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n pẹ́ gan-an lẹ́yìn odi rẹ̀, ebi ni ó sì fọ́ ìlú náà. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé àsìkò yẹn ni àwọn ará Òwu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòpòǹdó, tí wọn kò kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni Ìjàyè: Ìbàdàn gbé ogun tì í ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, ìlú sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862 lẹ́yìn tí ìyàn ti mú un. Nínú eré tiwa níbí, mo dó ti ìlú kan lórí òṣùpá, n kò sì yin ìbọn kan. Mo kàn jókòó, mo ń ka iye ẹnu tí ó wà nínú ìlú náà, títí tí ẹni tí ń darí rẹ̀ fi ránṣẹ́ àlàáfíà. Bí àwọn Àjàgbé bá gbọ́n, kí ni wọ́n ń ju òkúta sí?

Adé Zaria:
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ni ó ń fọ́ ìlú. Odi Kánò ga, ó nípọn, ilẹ̀ oko sì wà nínú rẹ̀ tí ará ìlú lè fi jẹun láìjáde. Ní oṣù kejì ọdún 1903, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé àgbá dé, wọ́n fọ́ ẹnubodè kan, wọ́n sì wọlé. A mọ odi yẹn nítorí ẹṣin àti ọfà. Nígbà tí ohun ìjà ìran mìíràn dé, ó di òkìtì amọ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odi ìpele mẹ́ta ti rí lójú ẹni tí ó wà lókè ọ̀run. Onídàájọ́ gba ẹjọ́ rò.

Tíṣà Kàdúná:
Adé, o fo apá kan ìtàn náà. Emir Aliyu kò sí nílé nígbà tí wọ́n dé. Ó ti lọ sí Sókótó pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀. Ìlú tí olórí rẹ̀ kò sí nílé yàtọ̀ sí ìlú tí a dó tì. Wo Suleja tí ó wà nítòsí àwọn ará Abuja níbẹ̀ yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Abuja nígbà náà. Àwọn ọba Háúsá tí ogun jìhádì lé kúrò ní Zaria ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi rẹ̀ ní 1829, gbogbo ogun tí Zaria sì gbé lọ bá a kò mú un.

Adé Zaria:
Zaria kò ní àgbá, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Balógun Kubwa:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni ó wà nínú ìlú mi, oúnjẹ wọn sì tó oṣù 30, nítorí náà ọ̀rọ̀ Òwu àti Ìjàyè kò kàn mí. Yìnyín wà lábẹ́ ìlú. Ẹ̀rọ wa ń yọ́ ọ di omi, a sì ń fi iná mànàmáná ya ọ́síjìn kúrò lára omi náà láti mí. Ìyá Rẹ̀mí, mo sọ àwọ̀ ẹ̀wù nítorí pé onídàájọ́ fi ìyẹn ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn ni ọ̀rọ̀ òkúta.

Ẹnjinía Gwagwalada:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ Màásì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ayé wa, nítorí náà díẹ̀ ni yóò dín eré òkúta kù kí ó tó balẹ̀. Òkúta lè ba ohun gbogbo tí ó wà lórí ilẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bí ilé bá jìn tó nísàlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò wọ ibẹ̀ lọ gbà á. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo dó ti ìlú yín, ìjì eruku ni ǹ bá dúró dè. Ìjì eruku Màásì lè bo gbogbo ayé náà. Irú rẹ̀ ni ó bo oòrùn ní 2018 tí ẹ̀rọ Opportunity ti Amẹ́ríkà, tí ó ń fi oòrùn ṣe agbára, fi dákẹ́ títí láé. Ìlú tí iná rẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá kò ní lè ya ọ́síjìn mọ́, ọ̀ràn rẹ̀ yóò sì di ti wákàtí, kò ní dé orí oúnjẹ oṣù 30.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀nà láti ayé wa sí Màásì kì í ṣí nígbà gbogbo. Nǹkan bí oṣù 26 ni ó wà láàárín ìgbà tí ó bá rọrùn láti gbéra àti òmíràn, ìrìn náà sì ń gba oṣù 6 sí 9. Èyí ń dí ẹni tí ó fẹ́ gbà yín là lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń dí ẹni tí ó dó tì yín pẹ̀lú. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín nìyí: níbo ni àwọn Àjàgbé ti ń rí omi mu, níbo ni wọ́n sì ti ń rí epo ọkọ̀ wọn?

Balógun Kubwa:
Iná wa kì í ṣe ti oòrùn; ẹ̀rọ átọ́míìkì ni, ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ní ti omi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rà á láti ipele karùn-ún. Omi náà ni wọ́n ń yà sí ọ́síjìn àti háídírójìn fún ọkọ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má bú mi, nítorí ọta ìbọn mi ti ń tán, wọ́n sì ń fi ọta san owó omi. Yìnyín yẹn ni wọ́n tilẹ̀ wá gbà láti ilẹ̀. Onídàájọ́ ní inú tánkà òfìfo tí ń padà wá pọn omi ni àwọn ọmọ ogun wọn gbà wọlé, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti sá fún òkúta.

Ìyá Rẹ̀mí, Lugbe:
Ẹ gbọ́ o! Ọ̀tá dó ti ìlú, ìlú ń pọn omi fún ọ̀tá, ẹ sì ń bi wá léèrè òkúta.

Adé Zaria:
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ariwo ni òkúta yẹn wà fún, kí ojú lè kúrò lẹ́nu ibodè. Àna yín mọ ogun jà.

Tíṣà Kàdúná:
Ní ipele karùn-ún, ẹ̀yin ni ẹ dó ti àwọn Àjàgbé. Bí ẹ bá ti dá omi náà dúró, ta ni ìbá kọ́kọ́ kú? Ọkọ̀ wọn kò lè gbéra, ìpèsè wọn kò sì lè dé títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Ọta ìbọn tí wọ́n fi san owó kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Balógun Kubwa:
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò ní ọta kò lè dá omi dúró fún ẹni tí ó ní in. Ohun tí ọjọ́ náà gbà ni mo ṣe.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí ni àṣẹ tí ẹ kọ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè nípa tánkà?

Balógun Kubwa:
Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n tú tánkà tí ó bá ṣíwájú wò.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Tí ó bá ṣíwájú nìkan?

Balógun Kubwa:
Mẹ́jọ ni wọ́n, ẹ̀ṣọ́ mi kò sì pọ̀.

Ẹnjinía Gwagwalada:
Ẹ má dá a lẹ́bi mọ́, nǹkan kan ṣì kù tí a lè fi jà fún un. Kò sí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí nínú tánkà òfìfo. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀wù wọn nìkan ni wọn yóò máa mí. Wákàtí mélòó ni ìwé òfin eré yín fún ẹ̀wù ọmọ ogun? Báwo ni ibùdó wọn ṣe jìnnà sí ẹnubodè tó?

Balógun Kubwa:
Wákàtí mẹ́jọ ni òfin sọ. Ibùdó wọn wà lẹ́yìn òkè ńlá, nítorí pé wọ́n ń sá fún ìbọn mànàmáná mi, tánkà sì ń lo wákàtí mẹ́wàá kí ó tó dé.

Ẹnjinía Gwagwalada:
Nígbà náà, òkú ni ó wọ ẹnubodè yín.

Adé Zaria:
Ẹ rọra. Wọ́n lè gbé sílíńdà ọ́síjìn mìíràn sínú tánkà.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos:
Wọ́n lè gbé e, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú àṣẹ wọn kí wọ́n tó ju dáìsì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ̀rọ̀ òkúta, ẹ má sì mẹ́nu kan ọdún tí onídàájọ́ dé. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ àwọn Àjàgbé fún ipele kẹsàn-án jáde, kí ẹ wá sílíńdà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n dá àmì yín padà sórí máàpù.

Balógun Kubwa:
Ọwọ́ àbúrò ìyàwó mi ni ìwé àṣẹ náà wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti rí iṣẹ́ tí mo rán, ó sì ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. N kò tíì dá a lóhùn.