Iná iwájú Honda C70 àtijọ́: ṣé LED ni, àbí kí n sọ ọ́ di 12V?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Ọ̀kadà Honda C70 bàbá mi ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, èyí tó ń lo 6V (iná fóòtì mẹ́fà), oní-pọ́íǹtì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa láti fa iná púlọ́ọ̀gì). Ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà, tí mo bá ti ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan, á jí. Iná iwájú ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá ń bọ̀ láti Òkè-Ihò lálẹ́, táyà ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀ kí ojú mi tó rí i. Ní sílò (tí mi ò bá fa tọ́rótù), iná á pupa rúsúrúsú. Tí mo bá fún un ní tọ́rótù, á mọ́lẹ̀ díẹ̀. 6V 25/25W (25W fún fúùlù, 25W fún dímù) ni wọ́n kọ sára gílóòbù. Wọ́n ta LED kan (gílóòbù ìgbàlódé tí kò ní irin gbígbóná nínú) fún mi pé kí n kàn fi sí i. Mo fi sí i, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe? Mi ò fẹ́ gé ohunkóhun lára ojú iná o, bàbá á lé mi kúrò nílé.

Bàbá Rewáyà:
Àbúrò, má tíì náwó. LED yẹn lè má burú, iná tí o gbé fún un ni kò bá a lára mu. Lórí 6V tìẹ yìí, iná iwájú kì í mu láti ara bátìrì. Kọ́ìlì abẹ́ fláwíìlì (irin rìbìtì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì) ló ń gbé e wá tààrà, AC (iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn) sì ni. Gílóòbù onírin kò kọ AC, torí irin inú rẹ̀ kì í tètè tutù. LED ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: ó ń kú, ó ń jí ni.

Gbé mítà, yí i sí AC. Tan iná, jẹ́ kí ẹnì kan bá ọ di tọ́rótù mú kọjá sílò. Fi ẹnu mítà kan sí ibi tí iná ti ń wọ gílóòbù, fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì. Ka nọ́ńbà. Wá gbé ìkejì yẹn kúrò lára ẹ́ńjìnnì, fi kan ìdí gílóòbù. Tí nọ́ńbà bá já wálẹ̀, ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sára ẹ́ńjìnnì) ló ń jẹ iná rẹ. Má fojú kéré fóòtì kan o: tí 6 bá di 5, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Iná ẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ó ń tàn? Òun àti iwájú ló jọ ń pín iná kọ́ìlì. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá jó, iwájú náà á gba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè jó tẹ̀lé e.

Aláàfíà Peckham:
Èmi ò bá yín jiyàn, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n 12V ni òpin wàhálà. Honda fúnra wọn yí C70 sí 12V pẹ̀lú CDI (àpótí iná tó rọ́pò pọ́íǹtì) ní 1982. 25W lórí 6V ń fa áńpù mẹ́rin àti díẹ̀. Lórí 12V, méjì àti díẹ̀ ni. Wáyà tó ti gbó á fara da ìyẹn dáadáa.

Bàbá Rewáyà:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Fláwíìlì àti kọ́ìlì rẹ̀, CDI, règúlétọ̀ (tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù), bátìrì, họ́ọ̀nù, fláṣà, gílóòbù gbogbo. Ta ni yóò sanwó ẹ?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ṣeun, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Lára ẹ́ńjìnnì, 6.1. Ní ìdí gílóòbù, 4.8! Iná ẹ̀yìn ń tàn. Ẹnì kan tún ní kí n gbé H4 (gílóòbù mọ́tò) oní 55W sí i, ṣé ó máa gbà á?

Bàbá Rewáyà:
O rí i? Wáyà aláwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì lára Honda. Tọ̀ ọ́ lọ síbi tí bóòtì ti dì í mọ́ férémù, ha ọ̀dà àti ìdógùn-ún ibẹ̀ títí irin á fi funfun. Kí o tún fa wáyà tuntun tó nípọn láti ìdí gílóòbù lọ sára ẹ́ńjìnnì gan-an. Tú swíìṣì fúùlù àti dímù, nu ẹnu rẹ̀. Wo inú ojú iná pẹ̀lú: tí ibi tó ń dán nínú rẹ̀ bá ti dúdú, òmíràn ni kí o wá, má fi sáńpépà kàn án, wàá bó o ni.

H4, gbàgbé. Kọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún 25W kò ní 55W láti fún ọ.

Tí ọkàn rẹ bá ṣì wà lára LED, rẹ́kítífáyà (tó ń sọ AC di iná ọ̀nà kan), règúlétọ̀ àti kàpásítọ̀ (tó ń jẹ́ kí iná dúró déédéé) ni kí o kọ́kọ́ wá. Rẹ́kítífáyà onídáódù mẹ́rin á sì fẹ́ kí o tú ẹsẹ̀ kọ́ìlì tó kan ẹ́ńjìnnì kúrò, ìyẹn ni pé fláwíìlì á jáde. Mo sì kórìíra LED tí ń tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Ra gílóòbù 6V 25/25W tuntun, ra méjì, kí o tọ́jú ọ̀kan sábẹ́ ìjókòó.