Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹni tí àyà mi ń lù fún, àbí ẹni tí ara mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Olùbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà.

Ọkùnrin méjì ló ń dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Ti àkọ́kọ́, bí orúkọ rẹ̀ bá ti yọ lórí fóònù báyìí, àyà mi á máa lù kìkìkì. Ṣùgbọ́n á bá mi sọ̀rọ̀ mọ́jú lónìí, á sì di àwátì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá tún yọjú, ìbínú mi á ti pòórá.

Ẹnì kejì, ibi iṣẹ́ kan náà la wà, ọ̀rẹ́ mi ni tipẹ́tipẹ́. Bí mo bá lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, òun ló máa ń bi mí pé, "Ibi tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn ńkọ́, ṣé o sọ ọ́ yanjú?" Ibẹ̀ gan-an ló máa ń rántí. Láìpẹ́ yìí ló là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ mi. Àyà mi ò lù. Ara mi kàn balẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìfẹ́ tí kò bá kó síni lórí, kò lè tọ́jọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi, àyà tó ń lù yẹn, ṣé ìfẹ́ ni àbí ìfòyà? Ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n máa pe òun, àyà rẹ̀ á lù dandan.

Akẹ́kọ̀ọ́
Màmá ti sọ ọ́ tán. Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron ṣe ìwádìí kan ní afárá Capilano, ní Kánádà. Afárá náà ga fíofío, ó sì ń mì lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan dúró ńbẹ̀, ó ń bi àwọn ọkùnrin tó ń kọjá ní ìbéèrè, ó sì ń fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lórí afárá yìí pè é lẹ́yìn náà ju àwọn tó pàdé rẹ̀ lórí afárá tó dúró gbọnyin lọ. Ẹ̀rù ló ń mú àyà wọn lù, wọ́n kà á sí ìfẹ́. Ọkùnrin tó ń di àwátì yẹn, òun gan-an ni afárá tó ń mì o, àǹtí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́
Ẹ rọra o. Ara tó balẹ̀ nìkan ò tó. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ lásán lo fi ṣe. Bó bá fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, ṣé ó dùn mọ́ ọ, àbí ńṣe ló ń ṣe ọ́ bíi kí o sún sẹ́yìn? Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ sún sẹ́yìn, má fi ẹ̀kọ́ ìwé tan ara rẹ.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn
Òótọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ká má gbàgbé pé ìfẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wọlé. Danu Stinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi nǹkan bí 1,900 ènìyàn ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ní ọ̀rẹ́ làwọn àti olólùfẹ́ àwọn kọ́kọ́ jẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí ni ìbéèrè tí ọ̀rẹ́ rẹ ibi iṣẹ́ yẹn máa ń bi ọ́ tí o bá ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá. John Gottman, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìgbéyàwó, wo irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ lára àwọn tọkọtaya tuntun. Ọ̀kan á ní, "Wo ẹyẹ yẹn lójú fèrèsé." Èkejì á gbójú sókè, tàbí kó máa tẹ fóònù lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn tó ṣì wà pọ̀ ti dá ara wọn lóhùn ní ìgbà 86 nínú 100. Àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, 33 péré. Ẹyẹ lásán o!

Ní 2020, Samantha Joel àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ kó ìwádìí 43 jọ, tọkọtaya tó lé ní 11,000. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì, pàápàá bí ẹnì kan bá gbà pé ẹnì kejì òun fara jìn fún òun, ló sọ bí ìfẹ́ wọn ṣe dán mọ́rán tó ju ìwà tí kálukú gbé wá lọ. Èwo nínú àwọn méjèèjì lo lè fọwọ́ sọ̀yà fún?

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́, mi ò fẹ́ sún sẹ́yìn o (ẹ má rẹ́rìn-ín). Àmọ́ mi ò fẹ́ fi ìrètí òfo sí i lọ́kàn. Kí ni kí n sọ fún un?

Àǹtí Olùdámọ̀ràn
Sọ ọ́ bó ṣe rí: "Mo gbádùn rẹ, àmọ́ ọkàn mi ò tíì débi tí tìẹ dé. Jẹ́ ká máa jáde, ká wò ó." Kí ẹ sì ṣe ohun tí ẹ ò tíì jọ ṣe rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan. Tó bá ní òun ò lè dúró, ìyẹn náà jẹ́ èsì. Ti àkọ́kọ́ yẹn, já a kúrò lọ́kàn kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí o ò lè mọ adùn ẹnì kan nígbà tó o ṣì ń retí ìpè ẹlòmíràn.

Ìyá Ìbejì
Kí o sì pa fóònù yẹn lálẹ́, ọmọ mi. Sùn.