Kíkọ́ ọ̀rọ̀ ìṣègùn fún iṣẹ́ pàjáwìrì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ bíi tachycardia máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì: Àbúrò, má há odidi ọ̀rọ̀ sórí, tú u palẹ̀. Láti inú èdè Gíríìkì, “tachy” ni yíyára, “cardia” sì jẹ mọ́ ọkàn; nítorí náà, tachycardia ni kí ọkàn àgbàlagbà máa lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Èsì: Ẹ ṣọ́ “hypo” (tó kéré jù) àti “hyper” (tó pọ̀ jù) gidigidi. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè máa làágùn, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Bí ẹ bá ṣèèṣì kọ “hyper” sínú ìwé rẹ̀, wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò tún fa ṣúgà náà wálẹ̀.