Àbọ̀ lórí owó ìrànwọ́ fáwọn aládìrẹ Ìtòkú, l’Ábẹ́òkúta

Ẹ kú ìdáhùn o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo béèrè ni pé ṣé owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ àṣà lè san owó ohun tó ń dáàbò bo ara aládìrẹ, àbí ti aṣọ àti aró nìkan ni.

Ìdáhùn tí mo rí kó jọ nìyí: ó lè san án, bí ìwé ìpè (ìkéde tó ní ká wá béèrè owó náà) bá ti dárúkọ ìlera òṣìṣẹ́. Àmọ́ ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò. Bí ẹ bá tì í sábẹ́ “oríṣiríṣi”, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gé e dànù. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: caustic soda inú aró ń jó awọ, òórùn hydrosulphite, kẹ́míkà kejì tí wọ́n ń pò mọ́ aró, sì ń dí èémí. Nítorí náà, ohun tí ẹ óò kọ síbẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, gíláàsì ojú, àti ìbòmú tó ń sẹ́ òórùn kẹ́míkà (ti aṣọ lásán ò ṣe nǹkan kan níbí). Ẹ fi iye èèyàn lọ́po iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan óò lò lóṣù, kí ẹ tó wá fi iye owó ọjà kan lọ́po rẹ̀.

Orúkọ tí kò bára mu lè dá fọ́ọ̀mù padà. Bí iléeṣẹ́ bá ní ìwé CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀), orúkọ yẹn gan-an ni kó wà lórí àkáǹtì báǹkì, kì í ṣe orúkọ ìyá tó ni ín.

Ti rìsíìtì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í já a. Ẹ tẹ fáúṣà (ìwé ẹ̀rí ìsanwó) tiyín: ọjọ́, ọjà, iye owó, ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka ọlọ́jà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rajà ni kí ẹ kọ ọ́.

Mo ti pa ìjíròrò yìí dé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè míì, kó ṣí ìjíròrò tiẹ̀.