Báwo la ṣe lè yẹ fáìlì hbm.xml wò kí app tó dọ́dọ̀ oníbàárà?

koko_dev: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. A ní app kan táwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbí l'Óǹdó fi ń ṣàkọsílẹ̀, Java ni, Hibernate 5 (irinṣẹ́ tó ń so kíláàsì Java mọ́ table inú database) ló ń lò, gbogbo mapping ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ kíláàsì tó bá table mu, wà nínú hbm.xml, wọ́n sì pọ̀ gan-an torí app náà ti pẹ́. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé táwọn tó ń bójú tó database bá pa orúkọ column dà tí wọn ò fọwọ́ kan fáìlì yẹn, app á kàn dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ó dìgbà tí akọ̀wé bá tẹ ripọ́ọ̀tù òpin oṣù kó tó wá sọ pé column ò sí. Mo ti fi xmllint, irinṣẹ́ tó ń yẹ fáìlì XML wò, yẹ gbogbo ẹ̀ wò, ó ní kò sí àléébù.

omo_alagbaka: Xmllint ò lè mọ̀yẹn láé. DTD tó wà lókè fáìlì yẹn, hibernate-mapping-3.0.dtd (òfin bó ṣe yẹ kí fáìlì náà rí), gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju pé id gbọ́dọ̀ ṣáájú property àti pé o ò ṣi tag kankan kọ. Ó ń wò ó bóyá ojú fọ́ọ̀mù kún ni, bóyá irọ́ ló wà nínú ẹ̀ kọ́ ló kàn án.

Gbé SessionFactory (ohun tí Hibernate fi ń ka gbogbo mapping) dìde nínú JUnit, irinṣẹ́ test ti Java, kó máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe mvn test. Tí kíláàsì kan ò bá sí tàbí getter (method tó ń ka property) sọnù, ibẹ̀ ló ti máa pariwo, àwọn named query (ìbéèrè database tẹ́ ẹ ti fún lórúkọ) náà ibẹ̀ ló ti máa yẹ̀ wọ́n wò. Ti column ni kó o fi hibernate.hbm2ddl.auto=validate sí i fún. Kì í yí nǹkan kan padà nínú database o, á kàn fi table, column àti irú dátà wọn wé mapping, èyí tó bá sọnù á kọ "Schema-validation: missing column", kò sì ní dìde. Kì í wo foreign key àti index ṣá, ìyẹn wà lọ́rùn ẹ.

java_akure: Ẹ ṣì ń lo XML? Hibernate 6 gan-an ti ń lé hbm.xml lọ, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí annotation (àmì bíi @Column tí wọ́n ń kọ sínú kóòdù Java) kẹ́ ẹ sinmi jàre

omo_alagbaka: Sinmi kẹ̀? Orúkọ tó o kọ sínú @Column náà, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú compiler, kò mọ̀ bóyá column yẹn wà. Kíkó lọ dáa, àmọ́ validate ṣì ń bẹ níbẹ̀.

koko_dev: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n fi H2, database kékeré tí wọ́n fi Java kọ, ṣe test náà? Kọ̀ǹpútà mi ò lè gbé Docker tí wọ́n fi ń gbé database ọ̀tọ̀ dìde.

omo_alagbaka: Rárá o. Tó o bá lo H2 tó o sì jẹ́ kí Hibernate fúnra ẹ̀ dá table sílẹ̀ látinú hbm.xml, mapping lo fi ń wé ara ẹ̀ yẹn, kò lè tàsé láé. Fi Postgres sórí kọ̀ǹpútà ẹ bẹ́ẹ̀ láìsí Docker, version kan náà pẹ̀lú ti oníbàárà, kó o dá database ọ̀tọ̀ sílẹ̀, kó o wá fi pg_dump --schema-only kó table tiwọn síbẹ̀, kò ní kó orúkọ àgbẹ̀ kankan mọ́ ọn. Kó o tó tẹ mvn test, tún URL inú config wò dáadáa, torí tí hbm2ddl.auto bá lọ jẹ́ create-drop níbẹ̀ tó sì jẹ́ database oníbàárà ló ń tọ́ka sí, bí SessionFactory bá ṣe ń dìde ló máa wó gbogbo table wọn tó wà nínú mapping, á tún wó wọn nígbà tí test bá parí.