Ta ló ti rí i kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tú ìlà ilé ìwòsàn? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Nọ́ọ̀sì_Tàkíé
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá wa pé òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìlà tó máa ń tò níwájú wa láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó tì wá pẹ̀lú aago ọwọ́ àti ìwé: ìgbà tí èèyàn dé, ìgbà tó gba káàdì, ìgbà tó rí dókítà, ìgbà tó gba oògùn. Gbogbo wa ti gbà pé dókítà ni kò tó. Ìgbà tó kó gbogbo àkókò yẹn sínú kọ̀ǹpútà, tí àwọn aláìsàn àfọwọ́ṣe inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wọ́n ń dúró bíi tiwa, ìdí káàdì ni ìlà ti so kókó! Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá fáìlì gbogbo ìlú. Dókítà á jókòó láago mẹ́jọ, aago mẹ́sàn-án á kọjá kó tó rí ẹni àkọ́kọ́. A fi ẹnì kejì síbẹ̀ láti aago méje sí mẹ́wàá. Ojú mi ló ṣe, bẹ́ńṣì ìta ń ṣófo kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ka bàtà? Nígbà tí mo lóyún, aago márùn-ún ìdájí la ti ń lọ fi sílípáàsì tò sílẹ̀. Tèmi aláwọ̀ ewé ni, okùn rẹ̀ ti já, mo fi wáyà so ó. Ipò kẹtàdínlógún ni mo fi sí. Mo padà dé láago méje, wọ́n ti gbá a sẹ́yìn ogójì èèyàn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọmọ_Àjáàwà
Ọ̀rọ̀ bàtà yìí, tiwa náà nìyẹn.

Bàbá_Ọlá
Òkúta la máa ń lò ní tiwa. Wọ́n ṣì ń gbé e kúrò.

Akínlabí_Ọ̀yọ́
Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í bí dókítà. Àbúrò mi ti lọ sí ìlú òyìnbó, mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti lọ. Àwọn ta la fẹ́ fi ṣètò?

Olùkọ́_Ìṣirò
Ẹ̀gbọ́n, nítorí pé wọn ò tó gan-an la fi nílò rẹ̀. Ká ní dókítà kan ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lórí aláìsàn kan, ẹni 6 nìyẹn ní wákàtí kan. Ká ní ẹni 5 ló ń dé ní wákàtí kan. Ẹnu lásán á ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í dé létòlétò, ọ̀rọ̀ ẹnì kan á gba ìṣẹ́jú 3, tẹlòmíràn á gba 25. Ìṣirò ìlà ní wọ́n á máa dúró tó ìṣẹ́jú 50 ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi dókítà kejì kún un, ìdúró á já wálẹ̀ sí bíi ìṣẹ́jú 2. Erlang, ará Denmark tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, ló gbé irú ìṣirò yìí jáde ní 1909.

Akínlabí_Ọ̀yọ́
Àádọ́ta sí méjì? Ṣé ẹ ò ṣì í kọ?

Olùkọ́_Ìṣirò
Rárá o, sà. Bí ẹnì kan bá pẹ́ lọ́dọ̀ dókítà kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ló jìyà rẹ̀. SimPy, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú àfarawé yìí lórí kọ̀ǹpútà, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ dán an wò.

Aláta_Ọjà
Ṣé ó mọ ọjọ́ ọjà?

Nọ́ọ̀sì_Tàkíé
Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kùnà, mà. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ nìkan ló kà, iye èèyàn tó ń mú jáde kò sì bá tiwa mu. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ló sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kó ka ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ́ ọn, torí ọjọ́ ọjà làwọn ará oko ń wọ̀lú. Wọ́n á tajà tán, wọ́n á wá yà sọ́dọ̀ wa.

Ọmọ_Àjáàwà
Ẹ fi owó fún ìyá yẹn.

Èdè_Wa
Àfarawé kọ́ o. Àwòṣe ni kẹ́ ẹ pè é.

Bàbá_Ọlá
Àwòṣe ni ohun tí èèyàn wò kó tó ṣe nǹkan. Èyí, à ń ṣe bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni. Àfarawé ni mo fara mọ́.

Wọ́ọ̀dù_Ọmọdé
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọmọ 10 ń wọlé lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ọjọ́ 4, bẹ́ẹ̀dì 40 nìyẹn. Ọ̀gá wa sì ra 40 gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìpíndọ́gba ni 10 yẹn! Lónìí 6, lọ́la 15. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ibà ti gbòde, mo tẹ́ ọmọ méjì sórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí èyí síbí, orí ìyẹn sọ́hùn-ún. Irin kan ṣoṣo la fi gbé omi àwọn méjèèjì kọ́. Ìyá ọ̀kan ń fi ìborùn fẹ́ ọmọ tirẹ̀, ó ń fẹ́ tẹni ẹlẹ́ni mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìgbà òjò mélòó kan kí wọ́n tó ra bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á rí òru yẹn kó tó dé.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ṣé wọ́n yè?

Wọ́ọ̀dù_Ọmọdé
Àwọn méjèèjì yè, mà. Ọ̀kan ti wọ pírámárì.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ọlọ́run ṣeun.

Akínlabí_Ọ̀yọ́
Nọ́ọ̀sì, ẹni kejì ìdí káàdì yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Tàkíé
Ó ti lọ láti oṣù Kejì. Wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ńṣì ìta ti ń kún padà.

Akínlabí_Ọ̀yọ́
Ẹ gbé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ bá ọ̀gá yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ ó pẹ́.