Ọdún kẹta rèé tí mo wà ní sáìtì, ṣé kí n ṣì dúró ni?

Ọmọ Sáìtì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àgbà. Civil engineering ni mo kà, látìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán ni mo ti wà lọ́dọ̀ kọngílá kan n'Íbàdàn níbí. Kílẹ̀ tó mọ́ mo ti dé sáìtì, èmi ni mò ń ka irin, èmi ni mò ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré, èmi náà ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, owó tí wọ́n ń san ò sì ju kí n wọkọ̀ kí n jẹun lọ. Àwọn tá a jọ jáde, òmíì ti wọ báńkì, òmíì ń kọ kóòdù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí o, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹnì kan ní kí n máa lọ sí mítìn NSE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Nàìjíríà, àmọ́ mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ojú sì ń tì mí kí n máa tọ àwọn ẹni ńlá lẹ́yìn bí ẹni ń ṣagbe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọdún márùn-ún lèmi lò lábẹ́ kọngílá, àṣìṣe mi ni pé mo jókòó sójú kan mo wá ń pè é ní sùúrù. Yàtọ̀ sí ọ̀gá mi àtàwọn bíríkìlà, mi ò mọ ẹnì kankan. Ìwọ náà mọ̀ pé kọnkéré tá a dà lónìí, ọjọ́ 28 la fi ń retí agbára ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀ fún oòrùn, a máa ń bomi rin ín ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Bẹ́ẹ̀ náà ni sùúrù ṣe ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀ka NSE wà n'Íbàdàn. Lọ, jókòó, fetí sílẹ̀, bi wọ́n ní ìbéèrè kan nípa ohun tó o fojú ara ẹ rí ní sáìtì. Má tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Tún lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kọ orúkọ àwọn tó wá, nawọ́ sókè. Ìdí ìwé orúkọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan ti mọ̀ mí, oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀ ló pè mí pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀. Mi ò bẹ̀ wọ́n o, wọ́n ti ń gbọ́ àwọn ìbéèrè tí mò ń bi ni.

Àdùkẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀rọ:
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ. Àbúrò, tọ́jú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ yẹn bí ojú! Dìgírì nìkan ò tó fún COREN, àjọ tó ń forúkọ àwa onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, wàá fi ẹ̀rí iṣẹ́ tó o ti ṣe hàn, wàá jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ló sì máa buwọ́ lùwé fún ẹ. Ta ló máa buwọ́ lùwé fẹ́ni tí ò mọ̀ rí? Lọ́dọ̀ tèmi, APWEN, ẹgbẹ́ àwa obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni mo ti ráwọn àǹtí tó fà mí lọ́wọ́. Ẹ wò ó, 1958 ni wọ́n dá NSE sílẹ̀, 2024 ni obìnrin àkọ́kọ́, Margaret Oguntala, di ààrẹ ẹ̀. Àwọn obìnrin ò sinmi mítìn lílọ ní gbogbo ọdún yẹn.

Akin Ẹlẹ́rọ:
Ẹ má bínú o, ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Kó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀ owó oṣù ná. Èmi, alaalẹ́ ni mo máa ń bá àwọn tó ń kọ́lé ṣírò iye irin àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n máa rà, ìyẹn ló gbé mi ró. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde yẹn náà, má jìnnà sí wọn, ẹni tó wà ní báńkì yẹn mọ àwọn tó ń kọ́lé.

Ọmọ Sáìtì:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò lè mọ bára ṣe tù mí tó. Màá lọ sí mítìn tó ń bọ̀. Bọ̀dá, ṣé mo lè wọ aṣọ sáìtì lọ, torí ibi iṣẹ́ ni màá ti gba ibẹ̀ lọ?

Bàbá Ìbejì:
Nu bàtà ẹ kó o máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, láti sáìtì náà la ti ń wá. Tó o bá dé, má lọ jókòó sẹ́yìn o.